NOAA-15, àwòrán ẹ̀ àti áàpù tí wọ́n fi ń tọpa ẹ̀: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ jẹ́ n tètè sọ iye tí mo fún un kí àlàyé tó gùn: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló dé tí mo jókòó tí mo ń ṣe rìfíù sátẹ́láìtì tí wọ́n ti pa, lóòótọ́ wọ́n pa NOAA-15 ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ 2025, ẹni tó bá gbé áńtẹ́nà síta nítorí ẹ̀ lónìí, ariwo lásán ló máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí áàpù tí ẹ fi ń tọpa sátẹ́láìtì, ẹ tẹ nọ́ńbà ẹ̀, 25338, sí i, ẹ ó rí i tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí máàpù bíi tàná, àkókò tó máa yọ wà níbẹ̀, bó ṣe máa ga tó lójú ọ̀run wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé pérépéré. Ohun tó mú mi kọ eléyìí nìyẹn. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí táwọn èèyàn máa ń dà pọ̀: iṣẹ́ tí sátẹ́láìtì yẹn ń ṣe fún wa, ìyẹn àwòrán, àti iṣẹ́ táwọn tó ń sọ ibi tó wà ń ṣe, wọn ò sì jọra wọn rárá, ọ̀kan lè kú kí ìkejì máa bá tiẹ̀ lọ.

Fún àwọn tí ò mọ̀ ọ́n, NOAA-15 jẹ́ sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ti Amẹ́ríkà, rọ́kẹ́ẹ̀tì Titan II ló gbé e lọ láti Vandenberg ní California ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1998. NOAA-K ni wọ́n ń pè é kó tó gbéra, torí wọn kì í fún wọn ní nọ́ńbà àfi tí wọ́n bá débẹ̀ láyọ̀. Ọdún méjì ni wọ́n ṣètò pé kó lò. Ó lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ó lé oṣù mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pé lórí pípẹ́ nìkan ni mo fẹ́ máàkì ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí níbí, ká lọ sùn.

Ibi tó ti wù mí jù ni ọ̀nà ẹ̀. Gíga tó wà tó bíi kìlómítà 810, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ìpẹ̀kun àríwá ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ìpẹ̀kun gúúsù, kò kàn gba àárín wọn tààrà torí ìtẹ̀sí ọ̀nà ẹ̀ jẹ́ bíi dígírì 98 àti ààbọ̀, ó ń sáré bíi kìlómítà 7.45 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú 101 ló sì fi ń parí yíyí kan. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ìgbà 14 lóòjọ́. Láàárín ìṣẹ́jú 101 yẹn ayé fúnra ẹ̀ ti yí bíi dígírì 25 lábẹ́ ẹ̀, torí náà tó bá tún padà dé, apá ìwọ̀ oòrùn ibi tó gbà lẹ́ẹ̀kan ló máa gbà, nǹkan bíi kìlómítà 2,800 síra wọn tó bá jẹ́ orí ìlà agbedeméjì ayé la ti wọ̀n ọ́n. Ẹni tó wà nítòsí ìlà yẹn á rí i bíi ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ àti ẹ̀ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa ga dáadáa, òmíràn á kàn yọjú létí ọ̀run ni á tún wọlẹ̀. Ẹni tó bá wà lókè téńté ní àríwá ńkọ́, níbi tí gbogbo ọ̀nà yẹn ti ń pàdé? Ní gbogbo yíyí ló máa rí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹnì kan bá ń sọ fún yín pé sátẹ́láìtì báyìí ò ṣòro láti gbà, ẹ kọ́kọ́ bi í pé apá ibo láyé ló wà.

Ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀nà náà tún wá ju ìyẹn lọ. Ayé ò rí roboto délẹ̀, ó wú díẹ̀ lágbedeméjì, wíwú yẹn sì ń fa ọ̀nà sátẹ́láìtì náà yí díẹ̀díẹ̀, ó dín díẹ̀ ní dígírì kan lóòjọ́. Àwọn tó ṣe é wá yan gíga àti ìtẹ̀sí tó máa jẹ́ kí yíyí yẹn bá bí ayé ṣe ń yí oòrùn po mu, tó fi jẹ́ pé níbikíbi tó bá ti ré ìlà agbedeméjì ayé kọjá láàárọ̀, aago oòrùn ibẹ̀ á jẹ́ iye kan náà. Ti NOAA-15, bíi aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Wíwú ayé ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn o, wọn ò sun epo kankan lé e lórí. Tí mo bá ń ronú sí i, mo máa ń sọ pé ẹni tó ronú kan èyí kò yẹ kó san owó oúnjẹ mọ́ láyé.

Ó dáa, báwo la ṣe ń mọ ibi tó wà? Sátẹ́láìtì náà kì í sọ fún wa. Àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Space Force ló ń fi rédà àti awò-awọ̀nàjíjìn wo gbogbo ohun tó ń yí ayé po, tàlàyè tòkú, wọ́n á wá kọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìlà méjì tó kún fún nọ́ńbà, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àyè 69, TLE là ń pè é. CelesTrak ti T.S. Kelso ti ń pín in fáráyé lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1985, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó di nǹkan tí ẹnikẹ́ni ń lò nílé. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lo áàpù ò tíì fojú kan TLE rí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni wọ́n ń jẹ, áàpù kàn jẹ́ àwo tí wọ́n bù ú sí ni.

Ẹ wo ìlà kejì ti NOAA-15. Lẹ́yìn 2 tó bẹ̀rẹ̀ ìlà náà, 25338 ló tẹ̀lé e, nọ́ńbà ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ nìyẹn. Ìtẹ̀sí ọ̀nà ẹ̀ ló kàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tí ọ̀nà náà ti ré ìlà agbedeméjì kọjá lọ sí àríwá, nọ́ńbà yìí ló ń fi bíi dígírì kan pọ̀ sí i lójoojúmọ́, wíwú ayé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, ẹ lè fojú ara yín rí i tí ẹ bá fi TLE tòní wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èyí tó tún tẹ̀lé e ni bí ọ̀nà náà ṣe yàtọ̀ sí róbótó tó, wọn kì í kọ òdo àti pọ́íǹtì tó yẹ kó ṣíwájú ẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ kóòdù tó máa kà á, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé subú. Lápá ìparí ni iye ìgbà tó ń yí lóòjọ́ wà, 14 àti ìdá tó gùn lẹ́yìn ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ló wá tẹ̀lé e: iye yíyí tó ti yí látìgbà tó ti gbéra. Àyè nọ́ńbà márùn-ún péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. NOAA-15 ti yí ju ìgbà 140,000 lọ, torí náà iye yẹn ti kún, ó padà sí òdo, ó tún bẹ̀rẹ̀ kíkà bí ọmọdé. Ẹni tó ṣètò ìlà yẹn nígbà náà lọ́hùn-ún ò rò ó pé nǹkan kan máa pẹ́ tó báyẹn lókè.

Áàpù á wá gbé ìlà méjì yẹn, á kó o sínú ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní SGP4, wọ́n ti gbé e jáde fáráyé láti 1980, ìṣirò yẹn náà ló wà nínú gbogbo wọn, àtèyí tó lẹ́wà àtèyí tí ò lẹ́wà. Gpredict ni mo fi ń ṣe tèmi lórí láàpútọ́ọ̀pù, Alexandru Csete ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè ka kóòdù ẹ̀ tó bá wù yín, ó ń fi máàpù hàn, ó ń fi òbìrìkìtì ojú ọ̀run hàn tó ń júwe ibi tí sátẹ́láìtì máa gbà láti etí ọ̀run kan dé ìkejì, ó lè yí áńtẹ́nà tó ní mọ́tò, ó sì lè máa tún réédíò ṣe bí fíríkúẹ́ńsì ṣe ń yẹ̀. Kò ní ẹwà ojú tí áàpù fóònù ní. Kò sì sí ìpolówó kankan tó máa fò mọ́ yín lójú nígbà tí sátẹ́láìtì bá ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó yọ, fún èyí nìkan mo ti dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ jì í.

Nípa pé ṣé ó péye: TLE tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè fi bíi kìlómítà kan ṣì, bó bá ṣe ń pẹ́ ni àṣìṣe yẹn á máa pọ̀ sí i, ìwọ̀nba kìlómítà díẹ̀ lóòjọ́. Ẹ má jẹ́ kíyẹn já yín láyà. Àṣìṣe yẹn sábà máa ń wà ní iwájú tàbí ẹ̀yìn lórí ọ̀nà kan náà ni, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́, sátẹ́láìtì tó bá sì ń sáré kìlómítà 7.45 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kìlómítà mẹ́wàá jẹ́ pé ó pẹ́ tàbí ó yá ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀. Ẹni tó ń lo áńtẹ́nà tí kì í yí ò ní mọ̀ rárá. Ẹni tó ń lo díìṣì láti gba àwòrán tó mọ́ jù lórí 1.7 gígáhẹ́ẹ̀tì, tí ojú díìṣì ẹ̀ tín-ín-rín, òun ló yẹ kó máa dáńlóòdù tuntun déédéé. Bákan náà nígbà tí oòrùn bá ń bínú, bíi ti oṣù karùn-ún 2024, afẹ́fẹ́ òkè máa ń wú, á máa fà wọ́n lẹ́yìn ju bí ìṣirò ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ní gíga kìlómítà 810 ìfàsẹ́yìn yẹn kéré jọjọ sí ti àwọn tó wà ní 400.

Nǹkan tó ń ba àkókò jẹ́ ju TLE tó ti pẹ́ lọ ni aago kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀. Mo ń rí àwọn tó ń fún áàpù dáadáa ní ìràwọ̀ kan, wọ́n á ní irọ́ ló ń pa, sátẹ́láìtì ò yọ lásìkò tó sọ. Ẹ̀yin ará, ẹ wo aago yín. Tí aago kọ̀ǹpútà bá fi ìṣẹ́jú méjì yẹ̀, sátẹ́láìtì ti rin bíi kìlómítà 900 láàárín ẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá UTC, ìyẹn aago àgbáyé, ni áàpù ń fi hàn tàbí aago àdúgbò, kí ẹ sì wò ó bóyá ibi tí ẹ wà lẹ kọ síbẹ̀ tàbí ìlú tí áàpù yàn fúnra ẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ṣí i. Ìṣirò SGP4 ò mọ irọ́ pa, ohun tí ẹ bá fún un ló máa lò.

Ó kan àwòrán. Nígbà tó ṣì wà láàyè, NOAA-15 ń gbé àwòrán ẹ̀ jáde lórí 137.620 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, APT ni wọ́n ń pe ètò náà, TIROS-8 ló kọ́kọ́ gbé e rù ní oṣù kejìlá 1963, ìdí tí wọ́n sì fi ṣe é ni pé kí ẹnikẹ́ni láyé tó bá ní réédíò lè gba àwòrán ìkùukùu tó wà lórí òun láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Kò sí páásíwọọ̀dù, kò sí àkáǹtì, kò sí ẹni tó máa bèèrè ìmeèlì. Áńtẹ́nà tó máa gbà á ò le: irin méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi sẹ̀ńtímítà 53, ẹ ya wọ́n síra wọn ní dígírì 120 bíi lẹ́tà V, ẹ tẹ́ ẹ kó sùn gbalaja ní àríwá sí gúúsù, ẹ so ó mọ́ RTL-SDR, ìyẹn réédíò kékeré tó ń wọ USB kọ̀ǹpútà, ó ti tó.

Nígbà yẹn, tó bá ń yọ, ẹ kọ́kọ́ máa rí ìlà tín-ín-rín kan nínú ariwo lójú kọ̀ǹpútà, ó máa wà lókè 137.620 díẹ̀, bíi kílóhẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, torí pé ó ń sáré bọ̀ wá bá yín, bó bá ṣe ń súnmọ́ ni ìlà yẹn á máa yọ́ bọ̀ nísàlẹ̀, tó bá wà lórí yín gan-an á dé ojú ẹ̀, tó bá ń lọ á tún lọ sísàlẹ̀ bíi mẹ́ta. Ìgbà yẹn ni ẹ ó gbọ́ ohùn ẹ̀: fèrè kan tó ń dún láìdákẹ́, 2,400 hẹ́ẹ̀tì, tí nǹkan kan ń lù ú kọ-kọ-kọ-kọ lórí. Ìlà àwòrán méjì ló ń wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, orí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tirẹ̀ fún àwòrán méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lójú ọ̀sán ọ̀kan á jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ìkejì á jẹ́ ti ooru tó ń jáde láti ara ìkùukùu àti ilẹ̀. Ìlà dé, ìlà dé, etíkun á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, adágún odò á dúdú, ìkùukùu òjò tó ga á funfun báláú lójú ti ooru torí pé orí ẹ̀ tutù. Tó bá gba òkè orí yín, bíi ìṣẹ́jú 15 lẹ ní. Tó bá jẹ́ gúúsù ló ti ń bọ̀ tó ń lọ sí àríwá, àwòrán á wá ní ìdojúdé, sọ́fítíwíà ló máa yí i padà.

Kìlómítà mẹ́rin ni ojú kan nínú àwòrán yẹn, ẹ ò lè rí ilé, ẹ ò lè rí títì. Ẹni tó bá fẹ́ wo òrùlé bàbá ẹ̀ kó lọ sórí máàpù orí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí ìjì tó fẹ̀ ju orílẹ̀-èdè kan lọ, bó ṣe wà ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan ti tún ṣe kó tó fi hàn yín.

Ọjọ́ ogbó ẹ̀ wá ńkọ́. Ohun méjì ló hàn. Àkọ́kọ́, ọ̀nà ẹ̀ yẹ̀. Ìfà oòrùn ń tún ìtẹ̀sí ẹ̀ yí díẹ̀díẹ̀, ìtẹ̀sí tó bá sì ti yí, ìṣirò aago méje ààbọ̀ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, irú wọn ò sì ní epo tí wọ́n lè fi tún un ṣe, torí náà aago tó ń kọjá fi wákàtí yẹ̀ láàárín ọdún tó lò. Láwọn ọdún tó kẹ́yìn àárọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń kọjá, oòrùn wà nílẹ̀, òjìji ìkùukùu gùn, apá kan àwòrán mọ́lẹ̀ apá kan ṣókùnkùn. Àwọn kan kórìíra ẹ̀. Èmi fẹ́ràn ẹ̀, torí òjìji yẹn ló máa ń jẹ́ kí ẹ mọ ìkùukùu tó ga yàtọ̀ sí èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tí sátẹ́láìtì tó bá ń kọjá nígbà tí oòrùn ga ò lè fi hàn tó bẹ́ẹ̀.

Ìkejì ni mọ́tò. Dígí kan ló ń yí nínú ẹ̀rọ AVHRR tó ń ya àwòrán, mọ́tò tó ń yí i ló sì kọ́kọ́ ń rẹ̀. Ní 2018 ó dààmú, ní oṣù keje 2019 ó dúró pátápátá, gbogbo èèyàn ní ó tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Tó bá ń ṣe é, ìlà àwòrán ò ní bára wọn mu mọ́, etíkun á ya gbágungbàgun. Ẹni tó bá gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ á rò pé áńtẹ́nà òun ló bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ó wà lókè lọ́hùn-ún. Mi ò yọ ìràwọ̀ kankan fún èyí. Mọ́tò tí wọ́n ní kó ṣiṣẹ́ ọdún méjì tó ṣì ń yí lẹ́yìn ogún ọdún, kí ni mo fẹ́ sọ?

NOAA-18 àti NOAA-19 ni àbúrò ẹ̀ tó kù lórí APT nígbà yẹn, wọ́n mọ́ jù ú lọ. NOAA-19 tiẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀, ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án 2003 ló ṣubú lulẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní Sunnyvale, ìwádìí fi hàn pé bóòtì 24 tó yẹ kó dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń yí i ò sí níbẹ̀, ẹnì kan ti tú wọn kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n tún un kọ́, ó gòkè ní 2009, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. NOAA-18 ló kọ́kọ́ lọ, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 2025, NOAA-19 tẹ̀lé e ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n pa NOAA-15. Bí APT wọn ṣe parí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù ló sin àwọn àbúrò ẹ̀.

Àwọn tó ń béèrè èyí tó kù: Meteor-M N2-3 àti N2-4 ti Rọ́ṣíà, wọ́n gòkè ní 2023 àti 2024, àdúgbò fíríkúẹ́ńsì kan náà, 137.1 tàbí 137.9, áńtẹ́nà V yín ṣì máa ṣiṣẹ́, sọ́fítíwíà SatDump ni kí ẹ fi tú u. Àwòrán wọn mọ́ gan-an ju ti APT lọ, bíi kìlómítà kan ni ojú ẹ̀, ó ní àwọ̀. Ẹ má wulẹ̀ retí fèrè àti kọ-kọ-kọ o, dígítà ni, ariwo ṣáà ló máa dún létí yín. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé tí sígínàlì bá rẹlẹ̀ díẹ̀ báyìí, odindi apá àwòrán á dúdú, kò sí àárín. APT ò rí bẹ́ẹ̀, bó bá ṣe ń rẹlẹ̀ ni ìdọ̀tí á máa pọ̀ lójú ẹ̀, ẹ ó ṣì máa rí etíkun nínú ìdọ̀tí yẹn títí tó fi máa wọlẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ìyẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, torí ó máa mọ̀ pé ohun tóun ṣe fẹ́ẹ̀ tó.

Ìràwọ̀ kan tí mo wá yọ, kì í ṣe ti sátẹ́láìtì, kì í sì í ṣe ti TLE. Ti áàpù ni, kì í ṣe ẹyọ kan tí mo máa dárúkọ, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ̀bi ẹ̀. NOAA-15 tó ti kú ṣì wà lójú wọn pẹ̀lú àmì ojú ọjọ́, àwọn míì á tiẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù yín pé ó máa yọ ní dígírì 80, ẹ jáde. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra RTL-SDR á gbé áńtẹ́nà jáde, á dúró, kò ní gbọ́ nǹkan kan, á tún áńtẹ́nà ṣe, á tún dúró, á rò pé ọwọ́ òun ni ò dáa. Irú ìbéèrè yìí ò tán nílẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti pa á.

Mi ò ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú áàpù o. Pípa tí wọ́n pa á ò mú un kúrò lókè, ní gíga yẹn ó máa ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kó tó já bọ́, irin tó ń sáré báyẹn sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. NOAA-16 fọ́ sí wẹ́wẹ́ lókè ní oṣù kọkànlá 2015, NOAA-17 náà fọ́ ní oṣù kẹta 2021, lẹ́yìn tí iṣẹ́ wọn ti parí pátápátá. Sátẹ́láìtì tí wọ́n rò pé ó ti kú sì lè jí: IMAGE ti NASA dákẹ́ ní 2005, ní oṣù kìíní 2018 ẹnì kan tó kàn fẹ́ràn réédíò, Scott Tilley, gbọ́ ohùn ẹ̀, kò sì sí bí ì bá ṣe mọ̀ pé òun ni tí wọn ò bá tọ́jú ọ̀nà ẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ látìgbà yẹn.

Àmì lásán ni mo ń bèèrè. CelesTrak ti ní i nílẹ̀ tipẹ́, àmì ìròpọ̀ fún èyí tó ń ṣiṣẹ́, àmì ìyọkúrò fún èyí tí ò ṣiṣẹ́ mọ́, ó wà nínú àkọsílẹ̀ kan náà tí wọ́n ti ń kó nọ́ńbà jáde. SatNOGS, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbọ́ sátẹ́láìtì káàkiri ayé, náà ní ti réédíò kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń sọ̀rọ̀ àti èyí tó ti dákẹ́. Kí àwọn tó ń kọ áàpù kà á, kí wọ́n kùn orúkọ òkú ní àwọ̀ eérú, kí wọ́n má ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni lórí ẹ̀ mọ́ àfi tó bá tẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é, mo máa wá dá ìràwọ̀ karùn-ún padà.